Omi Àwọn Tí Kò Tíì Dé

Iṣẹ́ obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni láti máa ronú nípa àwọn ènìyàn tí kò tíì dé. Bí ó bá sọ ọ́ báyìí fún àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọn a ní, "Àwọn tó ti dé pàápàá, ta ló ráyè tiwọn?" Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Ọ́fíìsì tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ilé-iṣẹ́ omi ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ omi kan ṣoṣo ni ó wà ní ìlú náà; bí ó bá fi ìyà jẹ àwọn oníbàárà rẹ̀, kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè gbé korobá wọn lọ. Nítorí náà, kí ilé-iṣẹ́ omi tó ri páìpù ńlá kan mọ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì yìí wá ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe, àwọn tí ó fẹ́ ṣe é fún, àti ẹni tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ bí àwọn tí à ń retí kò bá wá. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí gan-an ni obìnrin náà ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lórí.

Ìyá Bóyá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bí ẹnjiníà kan bá wọlé tọ̀ ọ́ wá tí ó ní, "Màdámú, ìlú yìí yóò di ìlọ́po méjì kí ọmọ tí wọ́n bí lónìí tó gbé ìyàwó," yóò yọ gíláàsì ojú rẹ̀, yóò fi etí aṣọ nù ún, yóò sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bóyá ni. Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Ẹni tí ó bá sì wá wí pé ìlú kò ní fẹ̀ ju bí ó ti wà lọ, ìdáhùn kan náà ni yóò gbà. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ó gbà pé ọ̀la dà bí ilé tí a kò tíì ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀: ènìyàn lè fi etí lé e, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ búra nípa ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àlá kan sì wà tí ó máa ń lá nígbàkúùgbà tí iṣẹ́ ńlá bá dé. Yóò rí ọ̀nà gbọọrọ kan tí ìkùukùu bò, yóò sì rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú korobá òfìfo lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó ní ojú nínú wọn. Ibi tí ojú yẹ kí ó wà mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọn kì í bínú, wọn kì í rojọ́. Wọn yóò kàn tò síwájú rẹ̀, ẹni iwájú yóò sì fi ohùn ẹni tí kò fẹ́ yọ ọmọnìkejì lẹ́nu bi í pé, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ṣé ká máa bọ̀ ni, àbí ká jókòó?" Bí ó bá ti la ẹnu láti dáhùn, ojú rẹ̀ yóò là. Ọkọ rẹ̀, tí ó ń tún aago ṣe, ti gbọ́ àlá náà títí ó ti sú u. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí wọn ni? Ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ìtàn yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ òkè dé sí orí tábìlì rẹ̀.

Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀ ni ó ti máa ń rí òkè náà. Fáànù àjà ń kùn lókè orí rẹ̀ bí àgbàlagbà tí oorun ń kùn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń rọra rìn lórí àwọn fáìlì, òkè náà yóò sì nà sílẹ̀ ní òdìkejì ìlú, aláwọ̀ búlúù, bí ohun tí a fi èémí yà sára gíláàsì. Ẹ̀gbẹ́ òkè náà ni ilé-iṣẹ́ omi fẹ́ ri páìpù ńlá gbà, láti ibi ẹ̀rọ afamisókè títí dé orí òkè pátápátá. Ilé tí ó wà níbẹ̀ kò tíì pọ̀. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ìlú, tí wọ́n ti ní omi láti ọjọ́ pípẹ́, ni yóò máa san owó páìpù náà díẹ̀díẹ̀ lára owó omi oṣooṣù wọn, títí àwọn ọmọ wọn yóò fi dàgbà bá a.

Ilé tí ó ga jù lọ lórí òkè náà, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ẹ̀gbọ́n náà. Òun ni ó gba àbúrò rẹ̀ tọ́ nígbà tí ìyá wọn kú. Òun ni ó ń dì í nírun, òun ni ó ń nà án, òun náà ni ó sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Gbogbo ohun tí ó fi ẹsẹ̀ dídúró kó jọ ní wọ́ọ̀dù aboyún ni ó fi kọ́ ilé sí orí òkè, pẹ̀lú yàrá mẹ́ta tí yóò máa fi yáni, kí ó lè máa ti ara wọn jẹun ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ yá ilé ń wá. Wọn a yin fèrèsé, wọn a yin atẹ́gùn, wọn a wá bèèrè pé, "Omi ńkọ́?" Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ ni ó ń já omi fún un lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀, wọn a kí i dáadáa, wọn a sì sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹnì kan ti ń wá ra ilé náà ní ọ̀pọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí omi kò bá dé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ tó wọlé, òun yóò tà á, òun yóò padà sínú yàrá kan ní ilé onílé.

Ìyá Bóyá kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ní ọjọ́ tí fáìlì náà dé ni ó ti gbé e tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n mi ń gbé lórí òkè yẹn."

Ọ̀gá, ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ṣáájú irùngbọ̀n rẹ̀, wò ó pẹ́ títí. "Ó dára bí ẹ ti sọ ọ́. Mo lè gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, àmọ́ ta ni kò ní ẹnì kan níbì kan nínú ìlú yìí? Ẹ ó sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé lọ́jọ́ ìpàdé. Àwa mẹ́ta tí a jù yín lọ níbí ni yóò yẹ ìdájọ́ yín wò ká tó fọwọ́ sí i." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ṣáà má gbàgbé táǹkì mi."

Kò sí ẹni tí ó lè gbàgbé táǹkì náà. Nígbà tí ọ̀gá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, wọ́n sọ pé ilé-iṣẹ́ aṣọ ńlá kan ń bọ̀ ní ẹnu odi ìlú, wọ́n sì kọ́ táǹkì kan tí ó tó omi mu fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kò wá. Táǹkì náà ṣì dúró síbẹ̀, gìrìwò, ẹyẹ ń pamọ nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá kan án lára, yóò dún "gọ́-ọ̀-ọ̀," yóò máa dún lọ títí bí ẹni tí ó ń pe orúkọ tí kò sí ẹni tí ń jẹ́ ẹ.

Mánẹ́jà ilé-iṣẹ́ omi fúnra rẹ̀ ni ó wá ṣàlàyé. Ọkùnrin sànràn ni, ọlọ́yàyà, tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹnu rẹ̀ tó dá sí i. Ó tẹ́ àwòrán òkè sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Màdámú, ẹ wo gbogbo àmì pupa yìí. Ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n. Ìpìlẹ̀ kan, ìdílé kan. Ẹ ò rí i pé odindi ìlú ló wà níbẹ̀?"

"Ìpìlẹ̀ kì í mu omi, Mánẹ́jà."

"Ó ń mu ún! Ṣé ẹ ò mọ̀ pé sìmẹ́ńtì ló ń kọ́kọ́ mumi kí onílé tó mu?" Ikùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí á mọ ohun kan nípa ìlú náà. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ níbẹ̀ kì í fi í sílẹ̀ lásán di ọjọ́ kejì, kí wọ́n má baà tà á fún ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Yóò yára ri ìpìlẹ̀ sí i ná. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ibi tí ilé yóò ti wá. Ìpìlẹ̀ mìíràn ti dàgbà ju àwọn ọmọ tí ń ṣeré lórí rẹ̀ lọ. Ìyá Bóyá mọ èyí, Mánẹ́jà náà sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wu olúkúlùkù ni ó ń rí.

"Àwọn àgbà ló sọ ọ́," ni Mánẹ́jà wí, "ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi ara rẹ̀ ni onítọ̀hún dà. Ẹ̀yin fẹ́ gba omi lọ́wọ́ aládùúgbò, kí ẹ dà á síwájú ẹsẹ̀ yín."

Mánẹ́jà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Bí mo bá fi owó àwọn tó yá wa lówó ri páìpù yìí, tí òkè náà sì kún, ẹ̀yin kan náà lẹ ó wá sọ pé èrè wa ti pọ̀ jù, kí a dín owó omi kù. Bí kò bá kún, ẹ ó ní àwa la fẹ́ràn àṣejù, kí a gbé àdánù wa. Ṣé ẹ rí i? Bí ó bá dùn, tiyín; bí ó bá korò, tèmi. Ta ló máa ń ta ayò bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ìlú ni yóò san án, ó kún o, kò kún o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní gbẹ́ ilẹ̀ tó lè gba eku kan."

Nígbà tí ó lọ tán, obìnrin náà jókòó pẹ́. Ó wá ibi tí yóò ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, kò rí i. Òtítọ́ dùn ún díẹ̀, bí òkúta kékeré nínú bàtà. Ní òdìkejì ìlú, ìkùukùu ti gbé ìdajì òkè náà mì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó gun òkè lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń dúró dè é ní ìsàlẹ̀, ó nàró bí ẹni tí ó ṣì wọ aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Káàárọ̀. O rí ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa lónìí? Ọmọ ìyá mi ló ń ṣọ́ omi gbogbo ìlú, èmi wá ń fi omi ẹ̀kán-ẹ̀kán bọ́jú bí ẹyẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀rẹ̀."

"N kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, wàá mọ̀."

Wọ́n ń gòkè lọ nínú ìkùukùu. Ó jọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kò tíì pinnu ohun tí yóò dà. Ní apá ọ̀tún, ní apá òsì, àwọn ìpìlẹ̀ ń yọ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún wọlẹ̀ padà: ìlà búlọ́ọ̀kù aláwọ̀ eérú tí kò ga ju orúnkún lọ, tí koríko ń wò láti inú wọn bí àlejò tí kò sí ẹni tó kí i. Ìyá Bóyá bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí. Ó rí aṣọ fèrèsé tí ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn, ó gbọ́ ìró àwo àti ṣíbí, ó gbọ́ ẹni tí ń pe ọmọ wọlé. Ó dúró, ó tẹ́tí. Kò sí nǹkan kan. Ìrì ni ó ń kán sórí koríko.

Ibi ọrùn òkè, níbi tí ọ̀nà ti yí, ni ó ti rí ọkùnrin kan àti obìnrin kan lórí àga méjì láàrin ìpìlẹ̀ kan, fúláàsì tíì láàrin wọn, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ó wà ní pálọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà búlọ́ọ̀kù lọ bá wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ara ògiri kọjá!" ni obìnrin orí àga náà kígbe. "Ẹnu ọ̀nà wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín!"

Ìyá Bóyá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kíá, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ògiri tí kò sí. Wọ́n yí ká dé ibi tí búlọ́ọ̀kù ti là. Ẹ̀gbọ́n, tí ó mọ̀ wọ́n, gbóhùn sókè: "Àgò onílé o!"

"Àgò yà! Ẹ máa wọlé, ẹ̀yin Aúńtì Nọ́ọ̀sì. Ẹ má wo bí pálọ̀ ṣe rí o, a ò tíì gbálẹ̀."

Káfíńtà ni ọkọ, ìyàwó rẹ̀ sì ń tọ́jú ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ìlú. Gbogbo Sátidé ni wọ́n máa ń gbé àga wá síbẹ̀, kí ilé má baà ṣàárò wọn. Ìyàwó mú wọn káàkiri. Yàrá tiwọn nìyí, yàrá àwọn ọmọ nìyí, ibí yìí ni ọkọ òun yóò máa sá sí bí òun bá ń bínú. Ó mú wọn dé igun kan tí ewéko kan ti hù.

"Kíṣìnì nìyí. Ẹnu ẹ̀rọ yóò wà níbí."

Ó gbé ọwọ́ sókè sínú afẹ́fẹ́, ó sì rọra yí i bí ẹni tí ń ṣí ẹ̀rọ omi. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́tí sí i. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́ ọ, pé ó ń dà, pé ó tutù. Lẹ́yìn náà ìyàwó yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó tì í pa, kí ó má baà ṣòfò.

"Kí ló dé tí ẹ ò tíì mọ ọ́n sókè?" ni Ìyá Bóyá bèèrè. Ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀.

"A ń dúró de omi ni, mà," ni káfíńtà wí. "Báwo la ó ṣe pò sìmẹ́ńtì? Báwo la ó ṣe máa wẹ ọmọ?"

"Àwọn olómi náà ń dúró dè yín. Wọ́n fẹ́ rí i pé ẹ dé ná."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá itan. "Àwa àti wọ́n wá dà bí tọkọtaya tó jà, tí olúkúlùkù ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ kí òun!"

"Nílé wa, ta ló máa ń kọ́kọ́ kíni?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Èmi ni."

"Irọ́ ló ń pa, ẹ̀yin Aúńtì. Ebi ló máa ń bá a kí mi."

Bí wọ́n ti ń gòkè lọ sí ilé Ẹ̀gbọ́n, Ìyá Bóyá ń bèèrè ẹni tí ó ni ìpìlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ni èyí ti lọ sí òkè òkun, kò sì rántí rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ni èyí ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn ní ilẹ̀. Ẹni tí ó ni tọ̀hún máa ń wá gé koríko ibẹ̀, yóò sì dúró wò ó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ ṣú. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní nínú ìkùukùu. Kò sí ẹni tí ó lè dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà kí ó sọ èyí tí olówó rẹ̀ ṣì ń lá àlá rẹ̀ àti èyí tí olówó rẹ̀ ti jí kúrò nínú àlá.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó fi ro ọ̀rọ̀ náà. Ó pe ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ omi, ó bi í ní ohun tí ó ń jẹ wọ́n níyà jù nínú iṣẹ́ náà. "Ilẹ̀ ni, Màdámú," ni ẹnjiníà wí. "Òkúta ibẹ̀ le bí orí olóríkunkun. Páìpù fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀." Láti inú gbólóhùn yẹn ni ìdájọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, díẹ̀díẹ̀, bí ilé tí ń yọ láti inú ìkùukùu. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan ṣoṣo, kí ó fẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n ri páìpù kékeré sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú rẹ̀ báyìí, kí wọ́n sì fi àyè ńlá sílẹ̀ fún ìkejì. Kòtò àti páìpù kékeré, gbogbo ìlú ni yóò san án, òkè kún o, kò kún o, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Páìpù ńlá ìkejì, ilé-iṣẹ́ omi ni yóò yan ọjọ́ rẹ̀, òun ni yóò sì gbé ewu rẹ̀; ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá wá lóòótọ́, èrè rẹ̀ di tirẹ̀ fún ọdún tí a ti fohùn ṣọ̀kan lé lórí, ọ́fíìsì kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ó bá dùn, tirẹ̀ ni. Bí ó bá korò, tirẹ̀ náà ni.

Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Páìpù kékeré kò ní agbára tí ó lè ti omi dé orí òkè. Ọrùn òkè ni agbára rẹ̀ yóò ti tán. Obìnrin náà fi pẹ́ńsù fa ìlà náà sórí àwòrán, ó pa á rẹ́, ó tún un fà. Ó gbìyànjú láti sún un sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni tí ń sún ibora bo ẹsẹ̀ ẹni tí ó sùn. Ìlà náà kò gbà. Ó sọ̀kalẹ̀ padà sí ibi tí ilẹ̀ fi í sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí ìpàdé ku ọ̀la, Ẹ̀gbọ́n wá sí ilé rẹ̀. Kò jókòó.

"Ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Èmi? Èmi tí mo pọ̀n ọ́ lọ síbi abẹ́rẹ́, tí o ya ìgbẹ́ sí mi lẹ́yìn, èmi ni mo wá di ará ìta?"

"Ẹ kì í ṣe ará ìta. Ìdí nìyẹn gan-an tí n kò fi lè sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n wò ó bí wọ́n ti máa ń wo aláìsàn tí ara rẹ̀ gbóná. Ó rí ìdáhùn náà lójú rẹ̀, nítorí òun ni ó tọ́ ojú náà dàgbà.

"Ó dáa," ni ó wí. "Àwọn tí kò tíì dé, o mọ̀ wọ́n. Àwa tí a ti dé, o ò mọ̀ wá."

Ó sì lọ. Ọkọ Ìyá Bóyá di aago kan mú ní àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo aago ilé náà ni ó ń sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, eruku ń jó nínú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ kan láti ìsàlẹ̀ ìlú ni ó kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Irun orí ènìyàn ni mo fi ń jẹun. Kí ló kàn mí nínú kí n máa fún koríko lómi mu? Táǹkì ẹyẹ yẹn, a ṣì ń san án!" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá tẹ orí rẹ̀ ba.

Mánẹ́jà sọ tirẹ̀, ó dùn létí. Ìyàwó káfíńtà náà dìde, ó ní àwọn kì í ṣe koríko.

Lẹ́yìn náà ni Ìyá Bóyá dìde. "Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló ni ilé tó ga jù lórí òkè náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi."

"Ẹ̀-hẹ́n!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Ẹ ò rí i? Omi ti dé orí òkè nìyẹn!"

Ó ka ìdájọ́ rẹ̀ fún wọn, ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì gbọ̀n. Nígbà tí ó dé ibi tí páìpù kékeré parí sí, ní ọrùn òkè, ẹni tí ó kígbe láti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Onígbàjámọ̀ fi ìka họ àgbọ̀n rẹ̀. "Ó kéré tán, a mọ ìwọ̀n ohun tí à ń sanwó fún," ni ó wí. Mánẹ́jà ní ohun tí ó bèèrè kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó yí ojú sí àwòrán náà, ó ń fi ìka wọn ẹ̀gbẹ́ kòtò tí yóò ṣófo, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ti ń rí páìpù rẹ̀ níbẹ̀.

Ní àga ìkẹyìn, nọ́ọ̀sì kan tí ó ti fẹ̀yìn tì dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó sì rọra jáde. Ìyá Bóyá rí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ń rìn lọ nínú ìmọ́lẹ̀, tí ó ń kéré sí i.

Odidi àkókò òjò ni Ẹ̀gbọ́n kò fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá gun òkè lọ, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì; bí ó bá ránṣẹ́, wọn yóò ní Ẹ̀gbọ́n ń sinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ilẹ̀. Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń rí ojú kòtò náà tí ń gòkè lọ lára òkè, pupa, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ojú ọgbẹ́ tí ń wá ibi tí yóò ti san. Ó tún lá àlá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni iwájú ní ojú: ojú ìyàwó káfíńtà ni. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì mọ́ bí àwo.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí omi, ìkùukùu tún bo ọrùn òkè. Wọ́n ti mọ yàrá kan sókè nínú ìpìlẹ̀ káfíńtà. Àwọn ìpìlẹ̀ méjì kan nítòsí náà ti ní òkìtì yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n ń gbé lára òkè tò sídìí ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n fi sí ẹ̀bá ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí omi kọ́kọ́ yọ, ó húkọ́, ó tu eruku pupa síta, gbogbo ènìyàn fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara, ó sì ń dà. Wọ́n kàn ń wò ó.

Ìyá Bóyá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rí i tí Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti orí òkè, korobá kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, òṣùká lórí. Ẹ̀gbọ́n tò bí gbogbo ènìyàn. Ó pọn omi kún korobá méjèèjì. Ó gbé ọ̀kan dé orúnkún, kò lọ sókè mọ́. Ó wò yí ká láti wá ẹni tí yóò bá a gbé e rù. Olúkúlùkù ni ọwọ́ rẹ̀ kún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo kò ju ẹnì kan lọ.

Wọ́n wo ara wọn.

"Gbé e rù mí," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ìyá Bóyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di ìdí korobá náà mú, àwọn méjèèjì sì jọ gbé e sókè. Omi ta sílẹ̀, ó ta sára aṣọ àwọn méjèèjì, ó tutù débi pé àwọn méjèèjì jọ mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n tún ọrùn rẹ̀ ṣe lábẹ́ ẹrù náà.

"Mo ní kí ẹni tó fẹ́ ra ilé má tíì wá," ni ó wí. Kò lè yí orí, nítorí náà iwájú ni ó ń bá sọ̀rọ̀. "Mo ní kó jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn yìí kọjá, kí n wò ó ná. Ọkùnrin kan fẹ́ yá yàrá kan. Ó ní egungun òun ṣì le, òun lè máa sọ̀kalẹ̀ wá pọn omi."

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"N kò ní kí o sọ nǹkan kan. Inú ṣì ń bí mi." Ó ti ń gòkè lọ, ìkùukùu ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń mú ẹ̀yìn rẹ̀ bọ̀. Láti inú ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti padà wá: "Àbí ibẹ̀ lo fẹ́ dúró sí? Gbé ìkejì tẹ̀lé mi, kí o sì rọra, kó má dà nù."